Wrapped sọ bàbá dọmọdé, ó sọ ọmọ dàgbàlagbà: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè náà rèé bó ṣe wọlé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 52 ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Lórí Spotify, áàpù tí mo fi ń gbọ́ orin, Haruna Ishola, Ayinla Omowura, Obey àtijọ́ àti Barrister ni mò ń gbọ́, mi kì í fọwọ́ kan nǹkan míì. Ní December 2025, Wrapped tí wọ́n máa ń ṣe fún wa níparí ọdún wá ní ọmọ ọdún 31 ni etí mi. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, Kate Bush àti àwọn olórin òyìnbó ayé ìgbà yẹn lòun ń gbọ́, wọ́n ní ọmọ ọdún 59 ni tiẹ̀. Látìgbà yẹn ló ti ń pè mí ní àbúrò. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ya wèrè ni? Àti pé kí ló dé táwọn ọmọ yìí ń sá tẹ̀lé orin tó ti wà kí wọ́n tó bí wọn, ṣé orin tuntun ti tán nílé ayé ni?"

Ẹ̀gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rọ ò ya wèrè o, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ló kà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọjọ́ orí etí yìí torí ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Spotify á kó gbogbo orin tẹ́ ẹ gbọ́ lọ́dún náà jọ, á wo ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, á wá wá ọdún márùn-ún kan tó jẹ́ pé orin inú ẹ̀ lẹ gbọ́ ju bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Tó bá ti rí i, á ní ẹni tó fẹ́ràn orin wọ̀nyí tó báyìí, á jẹ́ pé ó wà láàárín ọmọ ọdún 16 sí 21 nígbà tí wọ́n jáde, á kà á látibẹ̀ dé òní, ó tán. Eré ni wọ́n fi ṣe, àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín tó ń gbọ́ orin 1985, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, 19 ní 1985 ti ń sún mọ́ 60 báyìí, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Tiyín ńkọ́? Ayinla Omowura kú ní May 1980. Haruna Ishola kú ní 1983. Kò yẹ kí orin wọn jẹ́ ti 2012, àbí? Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ tèmi gan-an nìyẹn, mo wà lára àwọn tó ń bá àwọn tó ni àwo àtijọ́ gbé e sórí Spotify, Apple Music, Boomplay àti YouTube, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí. Téèyàn bá fẹ́ gbé orin sókè, fọ́ọ̀mù kan wà tó gbọ́dọ̀ kún, àyè méjì ló wà fún ọjọ́ níbẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ tí orin ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde sáyé. Ẹni tó ń kún un, bóyá ọmọ olórin ni, bóyá ọmọ ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ní àwo tó kún yàrá, lébẹ̀lì ti ya lára òmíì, òmíì ò tiẹ̀ ní ọdún kankan lára látilẹ̀, iná NEPA fẹ́ lọ, dátà fẹ́ tán, á kàn kọ ọjọ́ òní sí àyè méjèèjì kó lè tẹ̀ síwájú. Tàbí kó kó orin bíi mẹ́wàá láti inú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, kó pè é ní "Best Of", gbogbo ẹ̀ á wá di ọmọ ọjọ́ kan náà. Báyìí ni àwo tí wọ́n kọ ní 1976 ṣe ń di ti 2012, tí Ayinla Omowura fi wá di àbúrò Dagrin. Ẹ̀rọ wá ń wò yín pé bàbá yìí ò gbọ́ nǹkan kan àfi orin 2012, ọmọdé ni.

Torí náà ẹ má dá ọmọ yẹn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 16 sí 21 yẹn, wọn ò kàn rò ó lórí o. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ti rí i tipẹ́ pé tí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà sọ ohun tó rántí láyé ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 10 sí 30 ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀, orin sì wà lára ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìgbà yẹn jù. Ó yéni, ìgbà yẹn la kọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́kùnrin ọ̀rẹ́bìnrin, ìgbà yẹn la kọ́kọ́ kúrò nílé, ìgbà yẹn lowó tiwa fúnra wa kọ́kọ́ wọ̀ wá lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ ṣírò tiyín wò, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 52 lónìí, ọmọ ọdún 6 tàbí 7 ni nígbà tí Ayinla kú. Kì í ṣe orin ìgbà ọ̀dọ́ yín rárá nìyẹn. Orin bàbá yín ni. Tàbí ti bàbá onílé, tàbí ti télọ̀ tó wà níwájú ilé, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín.

Ìwádìí kan wà lórí èyí tí mo fẹ́ràn gan-an. Carol Krumhansl àti Justin Zupnick ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó jáde ní 2013. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní bí ọmọ ogún ọdún jọ, wọ́n fi orin tó gbajúmọ̀ láti 1955 títí dé 2009 gbọ́ wọn létí, wọ́n ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n mọ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ràn, èyí tó mú wọn rántí nǹkan. Orin ìgbà tiwọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àti ìfẹ́ wọn tún ga sókè níbi orin ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìyẹn ìgbà tí àwọn òbí wọn wà lọ́dọ̀ọ́, àní ó tún ga díẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tó lè jẹ́ tàwọn òbí àgbà. Wọ́n ò tíì bí àwọn ọmọ yìí nígbà yẹn o! Orin tí wọ́n ń gbọ́ nílé ló wọ̀ wọ́n lára, torí pé nínú ilé, rédíò kan ló wà, ẹni tó sì ni rédíò ló ń pàṣẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ní Sunday àárọ̀ tí bàbá bá ti gbé àwo sórí giramafóònù, ta ló máa sọ pé òun ò fẹ́?

Ní báyìí, ẹ wo inú mọ́tò yín. Ẹ̀yin ń gbọ́ tiyín lórí spíkà bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá nìkan wà níbẹ̀, tí ọmọ bá wọlé á fi nǹkan dí etí ẹ̀, ìyá ẹ̀ náà ń gbọ́ ìwàásù lórí fóònù tiẹ̀, ẹ̀yin mẹ́ta, orin mẹ́ta. Ọmọ yín ń jogún orin bí ẹ̀yin náà ṣe jogún ẹ̀, kàn jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti ń jogún ẹ̀. Ohun tí streaming, ìyẹn gbígbọ́ orin tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yí padà gan-an nìyẹn lójú tèmi. Wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ́ ká fẹ́ràn àtijọ́ jù, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, èèyàn ti fẹ́ràn àtijọ́ látijọ́. Ẹni tó ń gbé àtijọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ ló ti yàtọ̀.

Kate Bush tó ń gbọ́ yẹn, mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ibi tó ti rí i. Running Up That Hill, 1985 ló jáde, ipò 3 ló dé ní Britain nígbà yẹn, ní Amẹ́ríkà kò kọjá ipò 30, ó sì lọ síbi tí orin àtijọ́ ń lọ. Nígbà tó di 27 May 2022, Stranger Things apá kẹrin jáde lórí Netflix, ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Max, ẹ̀dá burúkú kan fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀, orin yìí tó máa ń gbọ́ nínú Walkman ló fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò tó oṣù kan, 17 June, orin ọlọ́dún 37 ti wà nípò 1 ní Britain, nígbà tó yá ó dé ipò 3 ní Amẹ́ríkà. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn ìbejì tó ṣe eré yẹn, àwọn Duffer, 1984 ni wọ́n bí wọn, ọmọ ọwọ́ tó ń kọ́ ìrìn ni wọ́n nígbà tí orin náà jáde. Àwọn tí kò rántí 1985 ló ń fi 1985 han àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà, àárò ń sọ gbogbo wọn, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó wà níbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn èèyàn kì í sọ. Àwọn tó ń ṣe àtẹ orin ní Britain ní òfin kan tó ń fa orin tó ti pẹ́ sẹ́yìn. Orin tuntun, tí àwọn tó ń sanwó oṣooṣù bá gbọ́ ọ ní ìgbà 100, wọ́n á kà á bí ẹni pé wọ́n ta ẹyọ kan. Orin tó ti pẹ́, ìgbà 200 ni kí wọ́n tó kà á bẹ́ẹ̀. Kate Bush wá ń lọ sókè pẹ̀lú òfin yẹn lọ́rùn, àfìgbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀ ló tó bọ́ sípò 1. Ẹ ro ìyẹn dáadáa. Wọ́n ní láti fi òfin di orin àtijọ́ lọ́wọ́ mú kí orin tuntun lè ráyè mí.

Ìyẹn gbé wa dé ìbéèrè yín kejì, ṣé orin tuntun ti tán. Kò tán o jàre. Ohun tí wọ́n ń kà ló yí padà. Láyé àwo, rírà ni wọ́n ń kà. Bàbá yín ra àwo ní 1977, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí, tó bá wá fi ogún ọdún gbọ́ ọ ní gbogbo Sunday kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó olórin. Streaming dé, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè rí i kedere ni orin Kérésì. Ti Mariah Carey, 1994 ló jáde, December 2019 ló kọ́kọ́ gba ipò 1 ní Amẹ́ríkà. Last Christmas ti Wham!, 1984 ló jáde, January 2021 ló tó dé ipò 1 ní Britain. Ti Brenda Lee tiẹ̀ wá burú, 1958 ló jáde, ó gba ipò 1 ní Amẹ́ríkà ní December 2023, ìyá náà ti jẹ́ ẹni ọdún 78. Ṣé àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ràn Kérésì ni? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ orin wọ̀nyẹn, àwọn tó ń kà á ni ò rí wọn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń sọ pé orin àtijọ́ ti gba gbogbo ọjà. Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, nínú gbogbo orin tí wọ́n ń gbọ́, ó ju méje nínú mẹ́wàá lọ tí àwọn Luminate, tó ń ka orin níbẹ̀, ń pè ní àtijọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní àtijọ́ ni orin tó bá ti ju oṣù 18 lọ. Oṣù 18! Orin tẹ́ ẹ jó níbi ìgbéyàwó ní ìdúnta ti di àtijọ́ nìyẹn, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ Elvis.

Owó wà nídìí ẹ̀ náà ṣá. Ní December 2020, Bob Dylan ta ẹ̀tọ́ orin tó kọ fún ilé iṣẹ́ orin Universal, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Bruce Springsteen ta tiẹ̀ fún Sony, iye tí wọ́n gbé jáde sétí aráyé ni bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ẹni tó bá kó irú owó yẹn lé orin tí wọ́n kọ ní 1975, ṣé á wá jókòó máa retí pé bóyá ẹnì kan á rántí ẹ̀? Á tì í sínú fíìmù, á tì í sínú ìpolówó ọjà, á wá ẹni tó máa fa gbólóhùn kan yọ nínú ẹ̀ fi kọ tuntun. Tiwa náà ti wọ ọ́. Burna Boy mú Toni Braxton ti 2000 fi kọ Last Last ní 2022, òun fúnra ẹ̀ ló sì sọ pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó orin yẹn ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Davido mú Bright Chimezie fi ṣe With You ní 2025, àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Bright Chimezie láyé rí wá ń fi ijó ẹ̀ ṣe fídíò.

Ẹ jẹ́ ká wá délé wàyí, torí ibi tó ń dùn mí nìyí.

Àwo Obey tàbí Sunny Adé ti àwọn ọdún 1970 yẹn, apá kan ẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú 18, òmíì á lé. Wọn kì í dánu dúró. Wọ́n á ti orí ìmọ̀ràn bọ́ sórí oríkì, wọ́n á ti orí oríkì bọ́ sórí ìbéèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, gìtá á máa sọ tiẹ̀, gángan á máa dáhùn, kí ẹ tó mọ̀ abẹ́rẹ́ ti dé àárín àwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fújì lórí kásẹ́ẹ̀tì. Orin òde ijó ni, wọ́n ṣe é kí àwọn tó ń náwó má baà jókòó. Lórí Spotify wá ńkọ́? Tí ẹ bá ti gbọ́ orin tó ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n ti kà á ní ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ gbogbo ìṣẹ́jú 18, ẹyọ kan náà ni. Asake gbé Mr Money with the Vibe jáde ní 2022, orin 12 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ bí ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n kà á ní 12. Ẹ̀yin gbọ́ àwo Obey délẹ̀, apá kìíní àti apá kejì, ẹ sì lo àkókò ju tiẹ̀ lọ, wọ́n kà á ní 2. Owó tó ń wọlé fún Obey lórí wákàtí kan tẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ kéré sí ti ọmọ tó kọ orin ìṣẹ́jú méjì, kì í ṣe pé ẹnì kan kórìíra rẹ̀, bí wọ́n ṣe la ọ̀nà ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, orin òyìnbó oníṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé wọ́n ń gé e. Apá kan àwo á di tráàkì márùn-ún. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Mo ti gbọ́ èyí tí wọ́n gé láàárín oríkì, orúkọ bàbá ẹni tí wọ́n ń kì wà lórí tráàkì 3, ti ìyá ẹ̀ bọ́ sórí tráàkì 4, tẹ́ ẹ bá wá lọ gbọ́ ọ lórí shuffle tó máa ń da ètò orin rú, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n á máa so mọ́ ìyá oníyàá. Síbẹ̀ mi ò lè bá ẹni tó ni orin jà, ọmọ ẹ̀ ń lọ síléèwé. Tí oníbàárà bá bi mí, mo máa ń ní kó gbé méjèèjì sókè, odindi kan fún àwọn bíi tiyín, èyí tí wọ́n gé níbi tí ìlù ti yí padà fún àwọn yòókù. Níbi tí ìlù ti yí padà o, kì í ṣe ibi tí aago bá sọ.

Ó tún ku kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Spotify ní orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, òun ò ní sanwó lórí ẹ̀. Fún ọmọ tó ń kọ orin nínú yàrá ẹ̀, ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n olórin àpàlà tó fi 40 àwo sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan tó ń gbọ́ ọ káàkiri Ìjẹ̀bú, London àti Houston, gbogbo ẹ̀ lè má mówó wọlé, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, èèyàn ń gbọ́ ọ dáadáa. Tí wọ́n bá tún wá kọ orúkọ ẹ̀ ní oríṣi mẹ́rin, ọ̀kan ní Alhaji, ọ̀kan ò ní, ọ̀kan ní orúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀rọ á kà á sí èèyàn mẹ́rin, kò ní mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ á fẹ́ ti ìkẹta.

Ẹ wá fi èyí wé ti Kate Bush. Àwa náà ní irú fíìmù yẹn. Tunde Kelani gbé Ayinla jáde ní 2021, Lateef Adedimeji ló ṣe Ayinla nínú ẹ̀, ó sì ṣe é débi pé mo rí àwọn ọmọ tó ń wá orin bàbá yẹn lójú méjèèjì. Kí ni wọ́n bá pàdé? Orúkọ oríṣiríṣi, ọdún tí kò bára mu, fọ́tò tí kò mọ́, orin gígùn tí kò sí àkọlé tó bá ohun tí wọ́n gbọ́ nínú fíìmù mu. Ti Kate Bush, wọ́n tẹ orúkọ, ó jáde, ó dún, ó tán. Òùngbẹ àtijọ́ ń gbẹ àwọn ọmọ wa bó ṣe ń gbẹ ọmọ òyìnbó, àtijọ́ tiwa ni wọn ò tò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí lára àwọn tó ń bínú sí Asake pé ó ń ji fújì, tàbí tó ń fi Adekunle Gold ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sọ àwo ẹ̀ ní Fuji ní 2025. Àwọn ló ń gbé ohùn yẹn dé ibi tí àwo Barrister fúnra ẹ̀ kò lè dé báyìí. Ohun tí mo kàn ń fẹ́ ni pé kí ọmọ tó bá tọpa ẹ̀ padà sẹ́yìn rí nǹkan bá níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tiyín pẹ̀lú áàpù yẹn. Ẹ ní ẹ kì í fọwọ́ kan nǹkan míì, mo gbà, ṣùgbọ́n òun náà kì í gbé nǹkan míì wá fún yín. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tó ti mọ̀ pé àmàlà lẹ máa ń jẹ, kẹ́ ẹ tó jókòó ó ti bù ú, ẹ ò wá ní mọ̀ láé pé ó se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ délẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fò, ohun tí àwọn tó jọ yín gbọ́, òun ló fi ń mọ ohun tó kàn. Àwọn orin mẹ́wàá kan náà á wá máa yí po. Ẹ pa Autoplay nínú settings, kí orin máa dákẹ́ tó bá parí. Ẹ máa fọwọ́ ara yín wá nǹkan. Àwọn ẹgbẹ́ Ayinla tí wọ́n jọ du ọjà ńkọ́? Batile Alake obìnrin oníwákà ńkọ́, tàbí Yusuf Olatunji onísákárà? Ẹ sì lọ sórí YouTube, òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwo wa tó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá kan tó fẹ́ràn ẹ̀ ló dà á kọ látinú kásẹ́ẹ̀tì, kò sówó kankan tó ń dé ọ̀dọ̀ olórin, àmọ́ ibẹ̀ nìkan lẹ ti máa rí òmíì gbọ́. Mi ò ní parọ́ pé èmi náà kì í gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ní ti ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Haruna Ishola bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín. Ṣùgbọ́n ìwádìí Cornell yẹn, orin ìgbà ọ̀dọ́ òbí ló ga ju ti bàbá bàbá lọ. Ti ẹ̀yin fúnra yín dà? Nígbà tí Barrister gbé Fuji Garbage jáde ní 1988, ẹ ti ń lọ sí ọmọ ọdún 15, 16, ọjọ́ orí ọmọ yẹn gan-an lónìí, ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣe nígbà yẹn tí ẹ ò tíì sọ fún un. Ẹ gbé e sórí spíkà nínú mọ́tò, kó dún síta, ẹ má ṣàlàyé. Tó bá béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ, nígbà yẹn lẹ óò túmọ̀. Tó bá sì fi nǹkan dí etí, ẹ jẹ́ kó dí i, ẹ̀yin náà ò kúkú bẹ bàbá yín pé kó gbé Ayinla sórí giramafóònù.

Àwo bàbá yín wá ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nílé? Tó bá wà, ẹ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò lébẹ̀lì àárín ẹ̀, apá méjèèjì, kí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ hàn dáadáa, ti Decca máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WAPS, nọ́ńbà yẹn la fi máa ń wá ọdún tó jáde gan-an tí wọn ò bá kọ ọ́ sí i. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni orin náà wà, àtúnṣe ọdún ò gbà ju ká tún fọ́ọ̀mù kan kún lọ. Tí kò bá sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ ṣì fi ránṣẹ́, mo mọ ẹni tá a lè bi.